Bí ẹ ó bá mú Màmá lọ sí hanuiwon ní Gúúsù Kòríà

Ẹ bi Màmá pé báwo ni ara, "A dúpẹ́" ni wọ́n á fi dá yín lóhùn, kódà bí orúnkún ò bá jẹ́ kí wọ́n fojú kan oorun mọ́jú. Nílé, ìdáhùn yẹn dára. Ní hanuiwon, ilé ìwòsàn ìbílẹ̀ àwọn ará Kòríà, ó lè kó bá wọn, torí ohun tí aláìsàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ wà lára ohun tí dókítà fi ń díwọ̀n àìsàn.

Hanuisa ni wọ́n ń pe dókítà ibẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni púpọ̀ nínú wọn fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ìjọba ló sì ń fún wọn níwèé àṣẹ. Yóò wo ojú àti ahọ́n, yóò tẹ́tí sí ohùn àti mímí, yóò béèrè ọ̀rọ̀, yóò sì fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ méjèèjì láti mọ bí iṣan ṣe ń lù. Kí Màmá má jẹ obì, kí wọ́n má sì mu kọfí kí wọ́n tó lọ, torí àwọ̀ rẹ̀ á bo ahọ́n. Kí wọ́n sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Ìbéèrè ló pọ̀ jù. Ṣé òtútù ń mú wọn lẹ́sẹ̀? Ṣé wọ́n ń làágùn lóru? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń jí tọ̀? Ìgbẹ́ ńkọ́, ó le àbí ó rọ̀? Màmá mìíràn ò ní sọ èyí lójú ọkọ ọmọ wọn láéláé, nítorí náà kí ọmọ obìnrin tẹ̀lé wọn, kí ẹ sì ti máa kọ ìdáhùn sílẹ̀ nílé láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Màmá fún dókítà, ẹ má sọ gbogbo ìrora di "ó ń dùn wọ́n". Ríro yàtọ̀ sí títa, gígún yàtọ̀ sí kíkú tìpìrì, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni dókítà ń wá. Bí wọ́n bá ní inú àwọn ń gbóná, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ sí ibà.

Wọ́n lè ní kí Màmá fi nọ́ńbà sí ìrora, láti 0 tí kò sí ìrora rárá dé 10 tó burú jù. Ìyá tèmi pè é ní méjì. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè dìde lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà láìdi àga mú. Wọ́n ní rárá, ó ti tó oṣù mẹ́ta. Méje la padà kọ. Nọ́ńbà ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n á máa fi wé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n ń gún sí ara láti tọ́jú ìrora ń ṣiṣẹ́.

Adójútòfò ìlera ìjọba ń san púpọ̀ nínú owó abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wọ̀nyẹn. Egbògi sísè sábà máa ń jẹ́ owó àpò yín, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òbí ò lè wọ abẹ́ adójútòfò yín àfi tó bá ti lo oṣù mẹ́fà ní Kòríà.

Ẹ kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dání, ẹ má sì fi àgbo tí wọ́n ń mu pamọ́ fún dókítà. Bí wọ́n bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó kan ara. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tàbí tí apá kan bá rọ lójijì, ẹ má gbé wọn lọ sí hanuiwon: 119 ni kí ẹ pè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.