Ẹ gba kóòdù kí bàbá tó wọ tíátà

Ẹ̀yin ará wa ní Kàbà àti Ìsánlú, ẹ jọ̀ọ́, tí prostate bàbá yín, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, bá wú, tí dókítà ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ TURP, èyí tí wọ́n ń gba ojú ihò ìtọ̀ ṣe láì la ikùn, tí bàbá sì wà lórí NHIA, ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, ẹ má kàn gbé wọn lọ ọsibítù ńlá ní Lọ́kọ́jà. Ọsibítù tí wọ́n forúkọ sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, àwọn ló máa kọ lẹ́tà, HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìtọ́jú lábẹ́ NHIA, á wá fún yín ní kóòdù àṣẹ ìtọ́jú, láìsí ẹ̀ ẹ lè fi owó ara yín san gbogbo ẹ̀ o. Tí ìtọ̀ bá há pátápátá ṣá, ẹ sáré gbé wọn lọ ọsibítù tó bá sún mọ́ yín, ẹ̀mí ló ṣáájú. Oògùn, ẹ ṣì máa san 10% níbẹ̀. Tó bá jẹ́ iná lésà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà ńkọ́? Ẹ bi HMO tẹ́lẹ̀ bóyá wọ́n máa san án, kẹ́ ẹ sì gba ìdáhùn wọn lákọsílẹ̀.