Bí A Ṣe Ń Ṣe Àbẹ̀wò sí Medewi, Abúlé Àwọn Agungìgbì ní Erékùṣù Bálì

Abúlé apẹja ni Medewi, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Bálì, lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Ìgbì kan tó máa ń ya sí ọwọ́ òsì ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká láàárín àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì òkun, nítorí pé ó lè gbé ènìyàn lọ jìnnà kó tó tú ká. Ẹni tó bá ń wá ilé ijó àti èrò rẹpẹtẹ, ìlú Kuta, ní Bálì kan náà, ni kó lọ. Ẹni tó fẹ́ kí ariwo òkun máa mú òun sùn ni Medewi yẹ fún, kó sì fún un ní ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán, torí òkun kì í dára lójoojúmọ́.

Láti pápákọ̀ òfuurufú Ngurah Rai, ọ̀nà tó lọ sí èbúté Gilimanuk ni ẹ máa gbà, nǹkan bíi kìlómítà 75. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi sí erékùṣù Jáfà ń gbà, nítorí náà, ó lè gbà yín ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Ẹ háyà ọkọ̀ àti awakọ̀ ní ojúmọmọ. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi alùpùpù rin ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ṣẹ́ owó rúpíà sọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò ní ìlú ńlá, kí ẹ sì rántí owó 150,000 rúpíà tí Bálì ń gbà lọ́wọ́ àlejò ilẹ̀ òkèèrè láti oṣù Kejì ọdún 2024.

Oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá ló dára jù, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ sójú òkun, tó sì ń mú kí ojú ìgbì jọ̀lọ̀. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Nyepi, ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Bálì, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kẹta: pápákọ̀ òfuurufú máa ń wà ní títì fún wákàtí 24, àlejò pàápàá kò sì gbọdọ̀ jáde.

Òkúta ni kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ. Etíkun ibi tí ìgbì náà wà kì í ṣe iyanrìn. Òkúta roboto dúdú ló kún ibẹ̀, wọ́n sì ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí ilá. Ẹ wọ bàtà rọ́bà tó mọ́ ẹsẹ̀ pinpin. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ kọ́kọ́ dúró wo òkun fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí pé ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni ìgbì ńlá máa ń wá, ìgbà tí ọ̀wọ́ kan bá kọjá ni ẹ máa wọlé. Ẹ má gbé pátákó síwájú àyà, kí ìgbì má baà gbá a lu yín lójú. Ẹ̀gbẹ́ ni kó wà. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ tọ́ òkúta wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí omi bá sì ti dé itan, ẹ dùbúlẹ̀ lórí pátákó kí ẹ máa fi ọwọ́ tu ú. Nígbà tí omi bá kún ni èyí rọrùn. Bí omi bá fà, àwọn òkúta á yọrí.

Lójú omi, ẹni tó bá sún mọ́ ibi tí ìgbì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ló ni ín. Bí ẹnì kan bá ti gun ún, ẹ yẹ̀ fún un. Ẹ kí àwọn ọmọ abúlé, “Selamat pagi”, ní òwúrọ̀. Àwọn ló mọ omi náà. Ẹni tí kò tíì gun ìgbì rí, kó san owó fún olùkọ́ láàárín wọn, kó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí iyanrìn wà.

Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn Híńdù ló jọ ń gbé lágbègbè náà, nítorí náà ẹ bo ara yín bí ẹ bá ti kúrò létí omi. Ẹ má tẹ àwọ̀n apẹja mọ́lẹ̀, ẹ má sì tẹ àwo kékeré tí wọ́n fi imọ̀ hun, tí òdòdó wà nínú rẹ̀: ẹbọ ni. Ní ọ̀sán tí afẹ́fẹ́ bá ti da òkun rú, ẹ lọ sí tẹ́ńpìlì Rambut Siwi lórí òkè etíkun, níbi tí wọ́n gbà pé irun àlùfáà Nirartha, tó wá láti Jáfà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wà. Ẹ ró aṣọ, kí ẹ sì di ọ̀já mọ́dìí kí ẹ tó wọlé.

Bí ẹ bá padà dé, ẹ béèrè aago tí omi kún lónìí. Ti ọ̀la yóò fi bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ jù ú lọ, ìyẹn ni kí ẹ fi mọ ìgbà tí ẹ máa jí.