Àsíá Nàìjíríà nílé-ìwé Amẹ́ríkà: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin òbí tó ń kó ọmọ kúrò ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọmọ tó ń ka ẹ̀jẹ́ Nàìjíríà ní àsẹ́ńbílì ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde kò ní pẹ́ bá ẹ̀jẹ́ mìíràn pàdé tó bá dé ilé-ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á dìde láàárọ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, wọ́n á sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún àsíá Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni àyà òbí ti ń já: ṣé ọmọ mi ti di tiwọn nìyẹn? Bí kò bá kà á ńkọ́, ṣé wọ́n á lé e?

Wọn ò lè lé e. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀ yìí ní 1943, nígbà tí wọ́n lé àwọn ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kúrò nílé-ìwé ní West Virginia torí pé wọn ò kí àsíá. Ogun àgbáyé kejì ń gbóná lọ́wọ́, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fipá gba ẹ̀jẹ́ lẹ́nu ọmọ. Àmọ́ o, òfin Texas àti ti Florida ní kí òbí kọ̀wé sílé-ìwé tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun kà á. Ẹ kọ ìwé náà, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ọmọ lẹ́bi. Ní tèmi, mo fẹ́ kí ọmọ dìde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kódà bí kò bá ní la ẹnu. Ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ìbúra.

Àsíá tiwa ńkọ́? Lára báàgì tàbí aṣọ ọmọ, òfin gbè é. Ní 1965, àwọn ọmọ kan ní Des Moines, ìpínlẹ̀ Iowa, so aṣọ dúdú mọ́ apá láti tako ogun Vietnam. Ilé-ìwé ní kí wọ́n máa lọ ilé. Ní 1969, adájọ́ 7 nínú 9 gbè wọ́n lẹ́yìn: akẹ́kọ̀ọ́ lè fi èrò rẹ̀ hàn, àyàfi tí yóò bá da ẹ̀kọ́ rú tàbí tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀.

Ẹ fi ojú sí "da ẹ̀kọ́ rú" yẹn dáadáa. Ní California, lọ́jọ́ 5 oṣù karùn-ún 2010, ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọ Mexico, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ aṣọ tí àsíá Amẹ́ríkà wà lára rẹ̀. Ilé-ìwé ní kí wọ́n yí inú rẹ̀ síta tàbí kí wọ́n máa lọ ilé, torí pé ìjà ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ lórí irú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbè ilé-ìwé lẹ́yìn ní 2014. Bí wọ́n bá lè ní kí ọmọ onílẹ̀ bo àsíá ilẹ̀ rẹ̀ nítorí àlàáfíà, kí ọmọ tiwa má rò pé wọ́n kórìíra òun nìkan.

Ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde yàtọ̀ pátápátá, torí ilé-ìwé ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní Colorado ní 2023, akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ fi ìborùn alásìíá Mexico àti Amẹ́ríkà gba ìwé-ẹ̀rí. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kọ̀ láti pàṣẹ fún ilé-ìwé pé kí wọ́n gbà á láyè. Nítorí náà, ẹ ti béèrè ní ìwé kí ẹ tó lọ rán ìborùn ewé-funfun-ewé fún ọmọ. Ilé-ìwé àdáni àti ti ìjọ kò sí lábẹ́ òfin ọ̀rọ̀ sísọ yìí rárá. Àwa Ìjẹ̀bú fẹ́ràn ilé-ìwé ìjọ púpọ̀: ẹ ka ìwé òfin wọn kí ẹ tó san owó.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé-ìwé á bi ọmọ náà pé, "Ta lo wà fún?" Ẹlòmíràn á ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti sin ẹbí tó kú sójú ogun lábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà, kí ọmọ sì mọ èyí kó tó fèsì. Kó mọ̀ pẹ̀lú pé Táíwò Akínkúnmi, ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní London, ló ya àsíá Nàìjíríà ní 1959. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 28, kò gba Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà tó bá di ọmọ ilẹ̀ mìíràn. Ní Ojúde Ọba, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ tirẹ̀, iwájú Awùjalẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń lọ. A kì í torí aṣọ pe ẹnikẹ́ni ní ọlọ̀tẹ̀.

Bí olùkọ́ bá ní kó yọ àsíá, kó yọ ọ́, kó má jà, pàápàá tí ìwé ìgbélùú yín kò bá tíì parí. Ẹ̀yin òbí ni kí ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ gba ìdí rẹ̀ ní àkọsílẹ̀, kí ẹ tó gbé e dé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ àdúgbò. Tí kò bá níyanjú, ẹ kàn sí ACLU, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, ní ìpínlẹ̀ yín. Àwọn ló dúró ti àwọn ọmọ Iowa yẹn dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ.