Ẹ ka ọjọ́ yín kí ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò HIV

Ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kàbà ní Ọjọ́rú kan, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ti ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní kò ní HIV. Mo bi í pé ìgbà wo ni ohun tó ń bà á lẹ́rù ṣẹlẹ̀. Ó ní Sátidé tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin péré! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ ti ṣe títí di nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ìwé yìí mọ̀. Kò tíì gbọ́ nípa Sátidé."

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń gún ìka ṣe kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara ń kó jọ láti bá a jà ló ń wá, ara kì í sì í kó ogun jọ lóòjọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì lè tó 90 ọjọ́. Bí ẹ bá ṣe é lónìí tí wọn kò rí nǹkan kan, ẹ padà lọ nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, kí ẹ sì máa lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù títí di ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì ju wákàtí 72 lọ, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ọsibítù ni kí ẹ forí lé. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó, láìfo ọjọ́ kan, ó sì lè dènà kòkòrò náà kó tó ráyè fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ ló ṣe máa ń ṣiṣẹ́ tó. Lẹ́yìn wákàtí 72, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ẹni tí kọ́ńdọ̀ọ̀mù bẹ́ mọ́ lára, nọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ aláìsàn gún, gbogbo wọn ló wà fún. Ẹ má wá a wá sọ́dọ̀ wa o. Ọsibítù tó ń fún àwọn èèyàn ní oògùn HIV ni kí ẹ lọ, bí kò bá sí nítòsí, ẹ wọkọ̀ Lọ́kọ́ja.

Ìtìjú ńkọ́? Mo mọ̀. Ìlú wa kéré, nọ́ọ̀sì tó máa gún yín níka lè jẹ́ ìyàwó àbúrò yín. Ta ló ní kí ará Ìyàrá má ṣe àyẹ̀wò ní Kàbà, tàbí kí ará Mọ̀pà má wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀gbẹ̀? Àyẹ̀wò tí ẹ lè fúnra yín ṣe nílé náà wà: ẹ ó fi igi rẹ̀ nu èrìgì, láìjẹ láìmu fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú.

Bí ó bá jẹ́ ibi àyẹ̀wò ni ẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ìka díẹ̀ ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sì ni èsì ń gbà. Bí ìlà méjì bá yọ, kò tíì di ìdájọ́; wọ́n gbọ́dọ̀ fi ohun èlò àyẹ̀wò mìíràn tún un wò. Ẹ ní kí wọ́n yẹ sífílísì àti mẹ́dọ̀wú B wò pẹ̀lú. HIV nìkan ni gbogbo èèyàn ń béèrè, bẹ́ẹ̀ mẹ́dọ̀wú B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a lè gbà. Obìnrin ẹ̀wẹ̀ lè ní àtọ̀sí kó má mọ̀ ọ́n lára rárá.

"Kògbóògùn" tí a fi ń pe àrùn yìí ti di irọ́. Oògùn kò lé e kúrò lára pátápátá, àmọ́ ó ń gbóògùn. Ẹni tó ń lo tirẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kì í kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Aláboyún tó ń lò ó lè bí ọmọ tí kò ní in. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò sì gbà kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni kúrò níbi iṣẹ́ nítorí HIV.

Ó ku kọ́ńdọ̀ọ̀mù. Àwọn kan á ní kí n fún àwọn ní oògùn orí fífọ́, wọ́n á dúró títí oníbàárà yòókù á fi lọ, kí wọ́n tó nàka sí i. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, inú pọ́ọ̀sì ni wọ́n ń fi í sí fún oṣù mẹ́fà, tàbí iwájú mọ́tò nínú oòrùn títí Ọbájànà. Ooru ń ba rọ́bà jẹ́. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bóyá afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi ya á, kì í ṣe eyín. Ẹ fún ṣóńṣó orí rẹ̀ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa wà níbẹ̀, kí ẹ wá yí i sísàlẹ̀ dé ìdí. Bí ẹ bá gbé e sódì, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ mú tuntun. Òrí, òróró àti Vaseline máa ń jẹ rọ́bà. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó ń mú un yọ̀, èyí tí wọ́n fi omi ṣe ni kí ẹ rà. Ẹ má wọ méjì pọ̀, fífi ara gbo ara wọn ló ń mú wọn ya. Bí ẹ bá parí, ẹ di ìdí rẹ̀ mú kí ẹ tó fà á jáde, nígbà tó ṣì le.

Àyẹ̀wò tí ṣọ́ọ̀ṣì béèrè kí ìgbéyàwó tó wáyé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe kẹ́yìn. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Bí ẹni tí ẹ ń bá lò pọ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta.