Bí mo ṣe wá iye tí aṣọ òfì kan ń ná wa rí

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ilé òfì kan ní Ìlọrin, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Òfì mẹ́jọ ló wà lábẹ́ páànù níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń tà á sì wà níwájú ilé kan náà. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ní àárín December 2023, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó o kàwé ìṣirò owó, jókòó. Mo ń hun, mo ń tà, àwọn oníbàárà ń wá, ṣùgbọ́n n ò rí owó náà mú dání. Bá mi wò ó."

Mo bi Bàbá bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ọjà. Wọ́n ní odindi kan, ìyẹn ìró, gèlè àti ìpèlé, òwú rẹ̀ àti owó ọwọ́ ẹni tó hun ún kì í ju bíi ₦23,500 lọ. Àwọn sì ń tà á fún àwọn alájàpá ní ₦28,000. Lójú Bàbá, èrè ₦4,500 ló wà lórí rẹ̀. Ohun tó ń jẹ èrè náà ni wọn kò mọ̀.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ni manufacturing account, àkáǹtì tó ń sọ iye tí ọjà tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ná wa, láti ìgbà tó ti wà ní òwú títí tó fi kúrò ní ilé òfì bọ́ sórí àtẹ. Ẹni tó ń ra ọjà wá láti Èkó kò nílò rẹ̀, ó ti mọ iye tó rà á. Ahunṣọ kò ra aṣọ tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá iye rẹ̀ rí, bí kò bá sì wá a, èyí tó bá sọ sí i lọ́kàn ni yóò máa fi tà.

Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa kan ni Bàbá ń kọ ìnáwó sí. Wọn kì í fo ọjọ́ kan, mo sì yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣí i, ohun kan náà ni mò ń rí láti ojú ewé dé ojú ewé: "owó mọ́tò 6,000", "owó mọ́tò 2,500", "owó mọ́tò 14,000". Mo ṣà wọ́n jọ, ó jẹ́ ₦386,000 fún odidi ọdún, mo sì kó gbogbo rẹ̀ lé orí òwú. Àṣìṣe ni mo ṣe. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó rí ibi tí Bàbá kọ "owó mọ́tò, aṣọ Ọ̀fà", ni mo bá béèrè èyí tó jẹ́. Wọ́n ní ìyẹn ni èyí tí àwọn fi gbé aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Ọ̀fà tó ń ṣe ìnáwó.

Mọ́tò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tó gbé òwú wá láti Èkó jẹ́ ara iye òwú, nítorí òwú tó wà ní Èkó kò ṣeé hun ní Ìlọrin. Èyí tó gbé aṣọ tó ti parí lọ sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán jẹ́ ìnáwó títà. Aṣọ ti di aṣọ kí mọ́tò yẹn tó gbéra, kò sì gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì yìí rárá. Alẹ́ mẹ́ta ni èmi àti Bàbá fi ka ìwé náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. ₦236,000 bọ́ sí ọ̀dọ̀ òwú, ₦150,000 bọ́ sí ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ibí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo ìṣirò yòókù dúró lórí ààlà tó wà láàárín ibi tí a ti ń ṣe ọjà àti ibi tí a ti ń tà á.

Òwú fúnra rẹ̀ fún mi ní ìṣòro mìíràn. Ní January 2023, ₦6,200 ni ìdì kan fi dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú owó ọkọ̀. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí May, náírà já wálẹ̀ láti June, òwú náà sì ń gun òkè. Nígbà tó máa fi di November, ìdì kan ti di ₦8,000. Nígbà tí a ka òwú tó kù ní ọjọ́ tí ọdún parí, ìdì 130 ni. Ìdì tí wọ́n rà ní iye wo ni ká pè é?

Ìlànà ìṣirò àgbáyé tó ń jẹ́ IAS 2 gbà wá láàyè láti lò ó bíi pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde, tàbí kí a pín iye gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Kò gbà pé kí a ṣe é bíi pé èyí tó dé kẹ́yìn ló kọ́kọ́ jáde. Mo mú ti àkọ́kọ́. Nítorí náà ti November ni èyí tó kù, ₦8,000 lọ́nà 130 sì jẹ́ ₦1,040,000. Ká ní mo fi iye January kà á ni, ₦806,000 ni ì bá jẹ́, ₦234,000 tó sì wà nílẹ̀ ní yàrá òwú ì bá ti wọ inú iye aṣọ tí a ti hun. Odindi kọ̀ọ̀kan ì bá fi ohun tó lé ní ₦600 wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Òwú kan tún wà tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí bí omi bá ti kàn án. ₦96,000 ni, a dá a padà fún ẹni tó tà á, mo sì yọ ọ́.

Ní ti owó iṣẹ́, ohun tí wọ́n san fún àwọn tó ń hun nìkan ni mo kọ síbẹ̀, ₦3,650,000, pẹ̀lú ₦150,000 tí wọ́n ṣì jẹ wọ́n nígbà tí ọdún parí. Gbèsè náà kò sí nínú ìwé Bàbá, nítorí owó tó bá jáde lọ́wọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya bátànì náà ń gba ₦2,000 lórí odindi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi bátànì rẹ̀ hun. Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n hun, ₦200,000 nìyẹn. Owó tó tẹ̀lé ọjà kan ní tààrà ni, ó sì yàtọ̀ sí owó ilé.

Owó oṣù ọ̀gá àwọn ahunṣọ ni mo ṣiyèméjì lé lórí. Kì í jókòó sí òfì mọ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, ó ń pín òwú, ó ń wo aṣọ kó tó jáde. Kò sí aṣọ kan tí a lè nawọ́ sí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyí, síbẹ̀ kò sí aṣọ tí ojú rẹ̀ kò kàn. Ìnáwó ilé òfì ni mo pè é, ₦30,000 lóṣù, ₦360,000 lọ́dún. Ilé, ₦720,000 ni wọ́n san fún ọdún méjì, ti ọdún kan ni mo mú, mo sì fi ìdá mẹ́rin pín in: mẹ́ta fún ilé òfì, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo pín owó iná àti epo jẹnẹrétọ̀. Okùn, òmù àti ọ̀kọ̀, àwọn ohun èlò ara òfì tí wọ́n pààrọ̀, jẹ́ ₦86,000. Òfì kọ̀ọ̀kan ná Bàbá ní ₦90,000, wọ́n sì ní ọdún mẹ́fà ló máa ń lò kí igi rẹ̀ tó gbó, nítorí náà ₦120,000 ni òfì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń gbó lọ́dún.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni iṣẹ́ tó wà lórí òfì. Sunday ni 31 December bọ́ sí. Mo bẹ àwọn ahunṣọ pé kí wọ́n dúró fún wákàtí kan. Òfì méjì ṣófo nítorí àwọn tó ni ín ti lọ sílé, òwú sì wà lórí mẹ́fà yòókù. Mo ti mú tépù lọ́wọ́, mo fẹ́ máa tú aṣọ tó ti wé mọ́ igi níwájú wọn láti wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá wọn dá mi dúró. Ó ní, "Òkúta ni kó o wò." Lójú òfì wa, òwú gígùn náà nà lọ síwájú lórí ilẹ̀, òkúta ló sì dì í mú lókèèrè. Bí ahunṣọ ṣe ń hun, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ wá bá a. Èyí tí òkúta rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹsẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ti ń parí nìyẹn. Ipa òkúta hàn lórí erùpẹ̀ bí ẹni fi igi falẹ̀. Mo wọn ipa náà dípò aṣọ, ó sì yá ju ohun tí mo fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Méjì ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mẹ́ta dé ìdajì, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Tí a bá pa á pọ̀, iṣẹ́ odindi mẹ́ta ni ọwọ́ ti ṣe. Ṣùgbọ́n òwú kò rí bẹ́ẹ̀. Odindi mẹ́fà ni wọ́n ti gbé òwú rẹ̀ kúrò ní yàrá òwú. Nítorí náà mo ka òwú mẹ́fà ní ₦14,350 lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ọwọ́ mẹ́ta ní ₦10,000, àti ìnáwó ilé mẹ́ta ní nǹkan bíi ₦2,650. Ó jẹ́ ₦124,050, mo gé e sí ₦124,000. Owó ọwọ́ ₦30,000 tó wà nínú rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ Bàbá, nítorí náà mo rí i dájú pé ó ti wà nínú gbèsè ₦150,000 yẹn. Bí a bá kà á sí iṣẹ́ tó wà lórí òfì tí a kò sì kà á sí owó iṣẹ́, irọ́ ni àkáǹtì náà yóò pa.

Iṣẹ́ tó wà lórí òfì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, owó tí àwọn ahunṣọ gbà ní ọ̀sẹ̀ kìíní January ni mo fi wá a, ₦84,000. Nínú gbogbo iye tó wà níbẹ̀, òun nìkan ni n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ.

Bó ṣe jáde nìyí:

Òwú tó wà nílẹ̀ ní 1 January: ₦620,000
Òwú tí a rà: ₦5,480,000
Owó ọkọ̀ tó gbé òwú wá: ₦236,000
Yọ òwú tí a dá padà: ₦96,000
Yọ òwú tó kù ní 31 December: ₦1,040,000
Òwú tí a lò: ₦5,200,000
Owó ọwọ́ àwọn ahunṣọ: ₦3,800,000
Owó bátànì: ₦200,000
Owó ìpìlẹ̀ (òwú, owó ọwọ́ àti bátànì): ₦9,200,000
Ọ̀gá ahunṣọ: ₦360,000
Owó ilé: ₦270,000
Iná àti epo: ₦180,000
Gbígbó òfì: ₦120,000
Okùn, òmù, ọ̀kọ̀: ₦86,000
Àpapọ̀ ìnáwó ilé òfì: ₦1,016,000
Fi iṣẹ́ orí òfì ti 1 January kún un: ₦84,000
Yọ iṣẹ́ orí òfì ti 31 December: ₦124,000
Iye tí aṣọ tó parí ná wa: ₦10,176,000

Odindi 384 ló parí lọ́dún náà. ₦26,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo kọ́kọ́ fi òwú àti owó ọwọ́ nìkan ṣe é kí Bàbá lè rí i. Ó jẹ́ nǹkan bíi ₦23,437, kò jìnnà sí ₦23,500 tí wọ́n ń pè. Inú mi dùn sí ìyẹn. Bàbá kò ṣì í kà, ọ̀nà wọn ni kò gùn tó. Lẹ́yìn náà mo fi èyí tó kù hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ta gbogbo odindi 384 ní ₦28,000, èrè ₦1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦576,000. Ṣọ́ọ̀bù wá kó tirẹ̀ dé: owó ilé ₦90,000, iná ₦60,000, ọmọbìnrin tó ń tajà ₦300,000, mọ́tò tó gbé aṣọ lọ ₦150,000. ₦600,000 nìyẹn. Àdánù ₦24,000. A ò tíì san kọ́bọ̀ kan fún Bàbá fúnra wọn, tí wọ́n ń jí lọ síbẹ̀ láti àsùbáà.

Bàbá dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Ṣé èmi wá ni mò ń san owó fún wọn kí wọ́n lè wọ aṣọ mi?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dáhùn. Ọkùnrin yìí ló sanwó ilé ìwé mi fún ọdún méjì, nínú owó aṣọ yìí kan náà.

Odindi mẹ́ta wà nínú 384 náà tí Bàbá mú fún yìgì ọmọ wọn. ₦79,500 ni mo kọ sí orúkọ wọn, iye tí ó ná wa, kì í ṣe iye tí à ń tà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ní February 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta odindi kan ní ₦33,000. Alájàpá kan bínú lọ, àwọn yòókù yọwọ́ títí wọ́n fi gbà. Ìwé pupa náà ti di méjì: ọ̀kan wà nínú ilé òfì lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn ahunṣọ, èkejì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lára tẹ̀yìn, ọmọbìnrin tó ń tajà ti fi bírò búlúù kọ ọ́ gàdàgbà: "Mọ́tò aṣọ nìkan."