Bí mo ṣe dá ilẹ̀ dúdú tó ń lanu mọ̀: ohun tí kòtò, òjò àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè sọ fún mi

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò gùn lẹ́nu: kí n sọ irú ilẹ̀ tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan, kí n sì sọ ìdí tí mo fi pè é ní orúkọ tí mo bá pè é. Apá kejì yẹn ni iṣẹ́ wà. Ta ni kò lè wo ilẹ̀ kó ní "ilẹ̀ dúdú ni"? Àmọ́ ilẹ̀ dúdú pọ̀ láyé. Ewé jíjẹrà ń sọ ilẹ̀ di dúdú, omi àbàtà ń ṣe é, eérú òkè ayọnáyèéfín náà ń ṣe é, ọ̀kan ò sì bá èkejì tan. Mo pinnu pé n kò ní kọ orúkọ kankan sílẹ̀ títí ẹ̀rí mẹ́ta yóò fi ṣe rẹ́gí: ara ilẹ̀ náà, ojú ọjọ́ tó ń pa á, àti ibi tó jókòó sí láàárín òkè àti odò.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi iṣẹ́ náà sí, ó sì nídìí. Tí ẹ bá dé orí irú ilẹ̀ yìí lásìkò òjò, ẹrẹ̀ lásán lẹ máa rí, ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà títí ẹsẹ̀ á fi wúwo. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí òjò ò rọ̀, ilẹ̀ ti la ẹnu. Àwọn ojú lílà náà pín in sí onígun márùn-ún àti onígun mẹ́fà, àwọn kan sì fẹ̀ débi tí ọwọ́ mi wọ inú wọn. Mo ki ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ti fi àmì sẹ̀ńtímítà sí lára bọ̀ ọ́, ó kọjá 50 kó tó kan ohun tó dá a dúró. Ìjìn yìí ṣe pàtàkì, torí ojú lílà tí kò jìn ju ìka lọ, ilẹ̀ púpọ̀ ló ń ní in.

Erùpẹ̀ tó wà lókè pátápátá jẹ́ hóró wẹ́wẹ́ tó ń fọ́n ká. Ilẹ̀ náà kò sì tẹ́jú tó bó ṣe rí lókèèrè: ó wú díẹ̀ níhìn-ín, ó jìn díẹ̀ lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ̀ léra wọn lọ. Àwọn òpó ọgbà tó wà nítòsí ti dagun, ọ̀kan kọjú sí ìlà-oòrùn, èkejì kọjú sí ibòmíràn. Ká ní atẹ́gùn ló tì wọ́n ni, ibì kan náà ni wọn ì bá dagun sí. Ilẹ̀ ló ń tì wọ́n.

Kí n tó gbẹ́ ohunkóhun, mo gun òkè tó wà lẹ́yìn pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lọ, mo wá ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń fi irin ìlulẹ̀ wo inú ilẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀. Lókè, ilẹ̀ pupa ni, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá kíá. Ní agbedeméjì, pupa náà ti ń ṣókùnkùn. Níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti tán, dúdú gba gbogbo rẹ̀. Geoffrey Milne, onímọ̀ ilẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ló jẹ́ kí ayé rí i ní àwọn ọdún 1930 pé ilẹ̀ orí òkè àti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, pé a kò lè mọ ọ̀kan dáadáa láìwo èkejì. Òjò ń fọ kálísíọ̀mù, magnésíọ̀mù àti sílíkà kúrò lókè. Ohun tó ṣẹ́kù síbẹ̀ ni irin tó ti dípẹtà, tó pọ́n ilẹ̀, pẹ̀lú amọ̀ kaolinite tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wú. Èyí tí omi kó lọ kò sọ nù. Ìsàlẹ̀ ló ń kó o sí, níbi tí omi ò ti rọ́nà lọ dáadáa, ibẹ̀ sì ni amọ̀ smectite ti ń dá. Smectite yìí gan-an ló wà nídìí ọ̀ràn. Pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ni: omi ń wọ àárín àwọn pẹlẹbẹ náà, ó ń tì wọ́n jìnnà síra, tí omi bá jáde, wọn á tún sún mọ́ra. Òkúta abẹ́lẹ̀ náà kún un lọ́wọ́, torí basalt ni, òkúta dúdú tó ti inú ilẹ̀ yọ́ jáde, tí kálísíọ̀mù àti magnésíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀.

Kòtò ló kàn. Mo gbẹ́ ẹ dé 150 sẹ̀ńtímítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ ẹ gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ilẹ̀ tó ti là tẹ́lẹ̀ lè ya lé yín lórí. Mo gé àtẹ̀gùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo dẹ àwọn ògiri yòókù sẹ́yìn, mo sì fi èyí tí oòrùn ń tàn sí sílẹ̀ ní títọ́, òun ni mo fẹ́ kà. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ orí rẹ̀ tàbí da erùpẹ̀ sí i.

Nínú ilẹ̀ púpọ̀, ẹ máa rí ìpele tó dúdú lókè, òmíràn tó pọ́n tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí lábẹ́ rẹ̀, ààlà wọn á sì hàn. Níbí, dúdú kan náà ló sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kọjá mítà kan. Ìdí rẹ̀ rèé: lẹ́ẹ̀rùn, erùpẹ̀ òkè ń já bọ́ sínú àwọn ojú lílà. Tí òjò bá dé, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ á fẹ́ wú padà sí àyè rẹ̀, á bá àlejò níbẹ̀. Kò sáyè fún àwọn méjèèjì, ni wọ́n á bá máa ti ara wọn, sókè àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, ilẹ̀ ń po ara rẹ̀ pọ̀. Àwọn àgbà ń ki ilẹ̀ ní ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí. Èyí ò dúró de ọkọ́ ẹnikẹ́ni.

Láti nǹkan bí 50 sẹ̀ńtímítà lọ sísàlẹ̀ ni ẹ̀rí tí mo ń wá ti yọjú. Mo ti ẹnu ọ̀bẹ bọ ògiri náà, mo yí i díẹ̀ kí ilẹ̀ lè fúnra rẹ̀ pín síbi tó bá wù ú. Ó pín sí ègé tó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí àti nídìí, tó nípọn láàárín. Ojú wọn ń dán, ìlà tínrín tínrín sì wà lára dídán náà, gbogbo wọn kọjú síbì kan, níbi tí ilẹ̀ ti yọ̀ gba orí ilẹ̀ kọjá. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ gé e kẹ́ ẹ tó wò ó. Ọ̀bẹ máa ń mú amọ̀ tútù dán, ẹ ó wá máa ka iṣẹ́ ọ̀bẹ yín sí iṣẹ́ ilẹ̀. Mo gbé ohun ìwọ̀n ìdagun lé àwọn ojú dídán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlànà àgbáyé tí a fi ń fún ilẹ̀ lórúkọ, tí a ń pè ní WRB, ní kí àwọn ègé náà dagun láàárín 10 sí 60 dìgírì sí ilẹ̀ títẹ́jú. Tèmi wà láàárín rẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ ẹ̀rí kan péré ni wọ́n ní kí n mú nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, èyí ni mo máa mú, kì í ṣe ojú lílà, kì í ṣe àwọ̀.

Àwọ̀ ò gbà mí lákòókò. Nínú ìwé Munsell, tí a fi ń wo àwọ̀ ilẹ̀, 10YR 3/1, ìyẹn àwọ̀ eérú tó ṣú gan-an, ni nígbà tó tutù, àwọ̀ rẹ̀ ṣí díẹ̀ nígbà tó gbẹ. Àmọ́ àwọ̀ yìí ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n á ní ilẹ̀ tó ṣú tó báyìí, ọ̀rá á pọ̀ nínú rẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò ní kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, èyí tó ń wá láti ara ohun jíjẹrà, kò tó ìdá 1 nínú 100. Èyí tó wà níbẹ̀, bó ti kéré tó, ló lẹ̀ mọ́ amọ̀ pinpin tó sì pa á láró. Ní ti amọ̀, mo pò ó lọ́wọ́, mo fi àtàǹpàkò tì í gba orí ìka jáde, ó gùn ju 5 sẹ̀ńtímítà lọ kó tó já. Yàrá àyẹ̀wò kàn wá jẹ́rìí ni: amọ̀ ju ìdajì lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdá 30 nínú 100 ni ìlànà béèrè.

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù kò ju síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ lọ. Mo sẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, mo fi omi pò ó títí ó fi kúnná, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí omi lè wọ̀ ọ́ dénú. Mo gé ẹnu síríńjì kí ihò rẹ̀ lè fẹ̀, mo ti ilẹ̀ náà jáde ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, mo gé e sí 10 sẹ̀ńtímítà géérégé, mo wá jẹ́ kó gbẹ. Ó sún kì di 9. Ẹ yọ gígùn gbígbẹ kúrò nínú gígùn tútù, ẹ fi gígùn gbígbẹ pín èyí tó kù: 1 lórí 9, ìyẹn 0.11. Láti 0.06 sókè ni a ti ń ka ilẹ̀ sí èyí tó ń wú gidi. Mo ṣe ohun kan náà fún ilẹ̀ pupa orí òkè, ìyàtọ̀ gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú rúlà. Pípò tí a pò ó ti tú ìdìpọ̀ ilẹ̀ náà ká, torí náà iye yìí sábà máa ń ga ju ti ìṣù ilẹ̀ tí a kò tú. Mi ò fi òun nìkan dájọ́.

Lábẹ́ 80 sẹ̀ńtímítà, kókó funfun bí ẹfun bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Mo kán ásíìdì díẹ̀ sí wọn, wọ́n hó. Kálísíọ̀mù tí òjò kó láti òkè ló wá di kókó níbí. pH, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, náà bá a mu: ó sún mọ́ 7 lókè, ó kọjá 8 nísàlẹ̀.

Ó ku òjò. Mo gba àkọsílẹ̀ òjò oṣooṣù láti ibùdó ojú ọjọ́ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Iye òjò ọdún kan nìkan kò tó ẹ̀rí, bó ṣe pín ni mo ń wá. Ibi tí ilẹ̀ ti ń tutù yípo ọdún, amọ̀ smectite lè wà níbẹ̀ kó má là láéláé. Ibi tó gbẹ yípo ọdún, kò ní wú. Ó ní láti jẹ́ méjèèjì, lọ́dọọdún: oṣù tí òjò pọ̀ ju omi tí oòrùn ń fà lọ, àti oṣù gbígbẹ tó pọ̀ tó láti la ilẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo tún da omi sínú òrùka irin tí mo tẹ̀ mọ́ orí ilẹ̀. Omi àkọ́kọ́ gba ojú lílà wọlé, ó pòórá. Nígbà tí ilẹ̀ mu ún tó tó sì pa ẹnu dé, omi dúró lójú rẹ̀ títí tó fi sú mi.

Nígbà náà ni mo tó kọ orúkọ: Vertisol, orúkọ tí WRB fún ilẹ̀ amọ̀ tó ń wú tó sì ń là báyìí, àti Pellic níwájú rẹ̀ nítorí bó ṣe ṣú lókè. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà káàkiri ayé, nǹkan bí mílíọ̀nù 335 hẹ́kítà: ní Deccan ní Íńdíà, ní Gezira ní Sudan, ní Darling Downs ní Ọsirélíà, ní Texas. Níbi tí mo ti mọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni: amọ̀ tó ń wú, ọdún tó ní ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ibi títẹ́jú.

Ààlà ló wá kù, torí àwọn tó rán mi níṣẹ́ fẹ́ kọ́lé sí apá kan. Wọ́n ti fa ìlà síbi tí dúdú parí sí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo padà gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà pẹ̀lú irin ìlulẹ̀ àti ṣọ́bìrì, mo ń wá ibi tí ègé dídán ti tán tí amọ̀ sì ti wálẹ̀ kọjá ìdá 30. Ibẹ̀ wọnú ilẹ̀ tó ti ń pọ́n díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fa ìlà sí, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà pé ìpìlẹ̀ èyíkéyìí nísàlẹ̀ ìlà yìí gbọ́dọ̀ jìn ju ibi tí ojú lílà dé lọ.