Bí bàbá mi ẹni ọdún 68 ṣe yege àyẹ̀wò pípààrọ̀ kíndìnrín

"Ṣé wọ́n ṣì ń pààrọ̀ kíndìnrín fún àgbàlagbà ni?" Ohun tí gbogbo ẹbí ń bi mí nìyẹn nígbà tí mo ní mo fẹ́ forúkọ bàbá sílẹ̀. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, ẹ̀rọ ló sì ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mo ń gbé fáìlì tẹ̀ lé wọn láti ọ̀dọ̀ dókítà kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, tí mo ń béèrè ọ̀rọ̀ títí ó fi ń sú wọn.

Dókítà kíndìnrín ló kọ́kọ́ fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ó ní ìlànà tí KDIGO, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú àìsàn kíndìnrín, gbé jáde lọ́dún 2020 sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n má ṣe torí ọjọ́ orí nìkan lé aláìsàn padà. Bí ara ṣe le sí ni wọ́n máa wò.

Wọ́n wò ó lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí bàbá rin ìrìn díẹ̀ lórí ilà tó wà nílẹ̀, ó ń fi aago ṣọ́ wọn. Ó gbé irin kan lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n fún un bí agbára wọn bá ṣe tó. Ó tún ní kí wọ́n máa dìde lórí àga, kí wọ́n máa jókòó, láìfọwọ́ ti nǹkan kan.

"Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ pààrọ̀ ni?" Inú ti ń bí bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún dìde lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà: ẹni tí ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, tó ń rù, tí kò lè rìn dáadáa, kíndìnrín tuntun máa ń pẹ́ lára rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń pẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Ẹni ọdún 72 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè sàn ju ẹni ọdún 58 tí kò lè gun àtẹ̀gùn.

Wọ́n yẹ ọkàn wò, wọ́n wá jẹjẹrẹ kiri ara, mi ò ní fi ìyẹn gùn ún. Èyí tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni àwòrán òpó ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ikùn. Wọn kì í sábà yọ kíndìnrín àtijọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ni wọ́n ń gbé tuntun sí, òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sì ń rán an mọ́. Bí ọjọ́ bá ti lọ lórí èèyàn, pàápàá ẹni tó ní ìtọ̀ súgà, òpó yẹn lè ti gan bí egungun, kí abẹ́rẹ́ má ríbi gún. Ti bàbá ṣì rọ̀.

Mo ti rò pé ara ọ̀dọ́ ló máa gba kíndìnrín àlejò mọ́ra jù. Rárá o. Ara ọ̀dọ́ lágbára láti bá àjèjì jà, nítorí náà ó máa ń tètè kọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ bí ọdún 17 sí 24 gan-an ló wà nínú ewu jù pé kó bàjẹ́ mọ́ wọn lára, ọ̀kan nínú ohun tó ń fà á sì ni pé òògùn ojoojúmọ́ tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín máa ń sú wọn lò. Ara àgbà kì í jà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bá àgbà jà ni àrùn tó ń ráyè wọlé nígbà tí òògùn bá ti dẹ ààbò ara sílẹ̀, àti àìsàn ọkàn. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń kú tí kíndìnrín náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Prednisolone àti tacrolimus, tí wọ́n wà lára àwọn òògùn náà, tún lè gbé súgà sókè, àgbà nìyẹn sì ń mú jù.

Ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999. Wọ́n fi àwọn tó rí kíndìnrín gbà wé àwọn tó ṣì ń dúró dè é. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ẹni ọdún 20 sí 39 yóò fi bí ọdún 17 lé ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹni ọdún 60 sí 74 yóò fi bí ọdún 4 lé tirẹ̀. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ léwu ju kéèyàn jókòó ti ẹ̀rọ lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá láìfi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n ní ọdún 4 láìsí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, àwọn gbà á.

Ó wá ku kíndìnrín. Àbúrò bàbá obìnrin, ẹni ọdún 61, yọ̀ǹda tiwọn, àwọn ẹbí kan sì ń kùn pé ó ti gbó jù. Lójú tèmi, kò gbó jù. Láti ọdún 1999 ni Eurotransplant, àjọ tó ń pín ẹ̀yà ara olóògbé láàárín àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, ti ń fún aláìsàn tó ti pé ọdún 65 ní kíndìnrín olóògbé tó ti pé ọdún 65, nítòsí ibi tí olóògbé náà ti kú, kí kíndìnrín má baà pẹ́ lórí yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Kíndìnrín àgbà kò ní pẹ́ tó ti ọ̀dọ́, àmọ́ ti alààyè tó wà nílẹ̀ sàn ju kéèyàn máa fi ọdún dúró lórí ẹ̀rọ, torí bí ọdún ẹ̀rọ bá ṣe ń pọ̀ ni àbájáde iṣẹ́ abẹ ń burú sí i.

Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà gbà, wọ́n ní kìkì eyín bàbá méjì tó ti jẹrà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, kí kòkòrò má baà ti ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. A ti yọ wọ́n. Ó kan àyẹ̀wò àǹtí wa báyìí.